Ìwé Àyẹ̀wò Ojú Tá A Há Sórí

                                                            Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé Iṣẹ́ Pákó.
                                                            Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún.

Ojú-Àwòdì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé o jí ire? Ṣé ara ń ṣe wẹ́rẹ́? Orúnkún rẹ tó máa ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo ńkọ́? Ìyàwó wa ńkọ́, ẹni tó ń fara da ìhanrun rẹ láti ọjọ́ pípẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fún un ní àmì-ẹ̀yẹ? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Bọ́ọ̀sì rẹ náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé tí mi ò bá béèrè rẹ̀, wàá ní mi ò kí àkọ́bí rẹ.

Èmi wà níbí. Eyín mi ku méje, wọn ò sì kọjú síra wọn, torí náà ojú lásán ni mo fi ń jẹ ẹran. Ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ń tọ́jú mi dáadáa, àfi pé ó ń bá mi wí bíi pé èmi ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ eyín ló gbé mi dé ìdí bírò. Ọ̀rọ̀ ojú ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ tún láísẹ́ǹsì mi gbà. O rántí pé ti ọdún mẹ́ta ni èmi san nígbà yẹn, ahun tí mo jẹ́, tí ìwọ sì san ti ọdún márùn-ún. Mo múra bí ọkọ ìyàwó. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọ̀dọ́, mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àyà wọn ń já. Tèmi ò já. Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀.

Ìyàwó wa, mo mọ̀ pé ìwọ lò ń ka lẹ́tà yìí sí i létí. Ẹni tó rí aṣọ tó o sá sórí okùn, tó sì kí i pé "ẹ kú ìdúró", kò lè ka ìwé tèmi. Jọ̀ọ́, má fo ibì kankan, bó bá tilẹ̀ ní kó o fò ó.

Àṣírí náà rè é, Ojú-Àwòdì. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó kó lọ sí ọ̀hún, ojú àwa méjèèjì ti ń ṣe bàìbàì. Mo bá ṣe bí ẹni ń wá fìlà, mo sún mọ́ ògiri ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, mo sì há ìlà tó kéré jù lára ìwé àyẹ̀wò ojú sórí: I, K, O, T, M, R. Kó má baà bọ́ lórí rẹ, mo sọ ọ́ di gbólóhùn: Ìyàwó Kan Ò Tó Mi Rárá. Ìyàwó wa, má bínú, ìdánwò ni, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń kọ ọ́ lórin ní balùwẹ̀, tó ń sọ fún ọ pé orin àtijọ́ ni. A wọlé, a kà á geere. Wọ́n ní ojú wa mú ju ti ọmọ ogún ọdún lọ. A fi ẹ̀rín délé. Ọ̀rẹ́ mi, oṣù yẹn náà lo gba iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé.

Nígbà tó kàn mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọbìnrin tó ń yẹ ojú wò ní kí n dúró. Kó tó la ẹnu, mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ kí n kà á tán.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí. "Kí lẹ wá ń kà?"

"Ohun tó wà lára ògiri ni."

"Nọ́ńbà ló wà lára ògiri, Bàbá. A ti já èyí tẹ́ ẹ kà yẹn kúrò láti ọdún tó kọjá."

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, mo ní ṣé wọn ò mọ̀ pé ohun tí ayé ti jù nù làwa àgbà ń kà ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì mú mi lọ sójú fèrèsé. Ó ní ẹni tó ń ṣọ́ géètì máa rìn kọjá níwájú wa nínú ọgbà, pé tí mo bá ti rí i, kí n gbé ọwọ́ sókè. Mo dúró. Mo dúró títí. Mo ní, "Ṣé ìgbín lẹ gbà síṣẹ́ géètì ni?"

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bàbá," ló wí, "ó ti lọ, ó ti bọ̀, lẹ́ẹ̀mejì."

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; ojú tiwa ti fẹ̀yìn tì, a ò kàn sọ fún un ni. Mo kó kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ mi lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì dùn mí tó bí mo ṣe rò. Àwọn ọmọ mọ́kàndínlógún tó ń wọ bọ́ọ̀sì rẹ láràárọ̀ ló ń dùn mí, àtàwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn létí ọ̀nà tóóró yẹn. Ọkùnrin géètì náà ga bí ilẹ̀kùn, ẹ̀wù pupa ló sì wọ̀, bí mo ṣe rí i nígbà tí mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí ọmọ ọdún mẹ́fà kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju iná iwájú bọ́ọ̀sì rẹ lọ.

Ọmọbìnrin náà bi mí bóyá ẹlòmíì wà tó mọ ìwé yẹn sórí. Mo ní èmi nìkan ni. Mo purọ́ fún ọmọ tó tó ọmọ-ọmọ mi. Lọ́jọ́rú mo padà síbẹ̀ láti dárúkọ rẹ, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo yí padà. Ní Ọjọ́bọ̀ mo tún lọ, mo kí wọn, mo sì padà sílé. Ọgbọ̀n ọdún la jọ fi wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù. Ìwọ lo fà mí jáde lọ́jọ́ tí tèmi tàkìtì sínú kòtò. Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́?

Mo wá pè ọ́. Bí mo ṣe dárúkọ ojú, o ní bátìrì rẹ ń kú. Mo tún pè, o ní ṣé èmi tí mo gbá ògiri ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni mo fẹ́ kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Òótọ́ ni, mo gbá a. Ògiri ni, kò kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, o ò gbé e mọ́. Mo pe ọmọkùnrin rẹ, ó ní, "Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ bá wọn sọ ọ́." Mo pe ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní láísẹ́ǹsì rẹ ṣì ku ọdún méjì gbáko, kí lòun fẹ́ rí wí. Ọ̀rọ̀ wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì. Mo ní kó kí àwọn tíṣà.

Ohun tí mi ò lè sọ fún un, Ìyàwó wa, òun lo ti kà tán yìí. Ohunkóhun tó o bá fi ṣe, mi ò ní bínú. Ọkọ rẹ á bínú sí mi títí ayé, mo mọ̀ ọ́n. Kó máa bínú.

Bá mi kí àwọn ọmọ, kí àwọn aládùúgbò. Ọ̀rẹ́ mi, bá mi kí àwọn mọ́kàndínlógún náà pẹ̀lú, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Dẹ́rẹ́bà tó máa mú lẹ́tà yìí wá sọ pé Ọjọ́bọ̀ lòun máa tó dé ọ̀dọ̀ yín. Láti ọ̀la dọjọ́ náà, wàá ti gbé wọn lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, wàá ti gbé wọn bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo jókòó síbí, mò ń fi ìka kà á, mi ò sì rí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Tìrẹ ni mí, bó o bá tilẹ̀ kọ̀ mí,

Bàbá Ẹ̀fẹ̀.