Fìlà Bàbá Rẹ Wà Lórí Tábìlì

Delphine, èmi ìyá rẹ ti lọ sí Igolo kí o tó jí. Aṣọ kakí rẹ ti gbẹ. Camarade Augustin, olùkọ́ yín, ní kí ẹ̀yin ọmọ ṣọ́jà dé fìlà bàbá yín wá lónìí, kí gbogbo iléèwé lè pàtẹ́wọ́ fún yín. Lọ, àmọ́ ọwọ́ ni kí o fi mú tìrẹ. Kí wọ́n tó gbé bàbá rẹ lọ sí ibùdó ṣọ́jà ní Kandi, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi fìlà náà dé ọ lórí, tí yóò bò ọ́ lójú, tí ẹ ó jọ máa yan kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rín yín ṣì wà létí mi. Ọmọ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ dé fìlà bàbá tó wà láàyè. Bí olùkọ́ bá bínú, sọ fún un pé ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá dé e.