Èmi Náà Ń Bọ̀ Létí Òkun

Ilé Bàbá Ọlọ́runtọ́ba,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Àgbàdo-Èkìtì.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà.

Mọ́fẹ́yìsára ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ilé tí o ń gbé àti ẹni tó ni ín, kí Ọlọ́run fọwọ́ tọ́ onílé náà lọ́kàn kó má fi kún owó ilé lọ́dún yìí. Ara mi le bí ara ẹni tó jẹ iyán láàárọ̀. Orúnkún òsì nìkan ló ń ráhùn, mo sì ti bá a wí. Bàbá rẹ wà dáadáa, ó ní kí n kí ọ, ó sì ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ pé òun tún gun igi kòkó lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí náà n kò ní sọ. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì. Iṣu tuntun ti jáde, ó dùn ju ti èṣín lọ.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màmá fi mú bírò nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tìrẹ ní àrùn kan. Ìgbàkígbà tí mo bá ti dárúkọ òkun, nẹ́tíwọ̀kì á lọ, bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gàrí ni mò ń sọ, kì í lọ rárá. Lẹ́tà kò ní nẹ́tíwọ̀kì. Dírẹ́bà tó máa ń ná ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Èkó ni mo fi rán, mo sì ti sọ fún un pé kó dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán. Jọ̀ọ́, fún un ní omi mu.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni pé mò ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, o fi fọ́ọ̀mù kan sórí wọ́ọ̀sáàpù ẹbí wa, o sì tún yára pa á rẹ́, ṣùgbọ́n èmi ti tẹ̀ ẹ́ kí o tó pa á rẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kan fẹ́ lo ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú létí òkun lọ́nà Bàdágírì, wọn á máa kọ ewì, wọn á máa kà á fún ara wọn, kò sí ìdíje, kò sí ẹ̀bùn, ìgbafẹ́ lásán ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi tí mo ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rin láyé, n kò rí òkun rí, omi tó pọ̀ jù tí mo rí ni odò Ògbèsè nígbà tó kún. Bàbá rẹ ní omi tí èèyàn kò lè bù mu kì í ṣe ohun tí à ń wọkọ̀ lọ wò. Mo ní kó jókòó ti kòkó rẹ̀.

Ni mo bá kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù náà. Mo kọ orúkọ mi, Beatrice, mo kọ ọjọ́ orí mi, n kò gé e kù. Wọ́n bèèrè bóyá mo mọ odò wẹ̀, mo ní nígbà tí mo lóyún rẹ, mo gba orí igi tí wọ́n wó lé odò kọjá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kòkó lórí, n kò sì já sómi. Wọ́n bèèrè ẹni tí wọn á pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo kọ Jésù, fọ́ọ̀mù ní òun fẹ́ nọ́ńbà, mo bá fi ti àlùfáà wa sí i. Ibi tó gba wàhálà ni ibi tí wọ́n ti bèèrè oúnjẹ tí n kì í jẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í dá nìkan dáhùn ọ̀rọ̀ èèwọ̀, mo bá tọ Bàbá Rótìmí lọ, olórí ẹbí bàbá rẹ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àwọn tó lè bi àlejò ní èèwọ̀ rẹ̀ kó tó dé, ulé ire ni wọ́n ti jáde. Ó pe àgbà mẹ́ta jọ, wọ́n jókòó láti ìyálẹ̀ta títí di ọ̀sán, wọ́n fẹnu kò pé ulé wa kì í jẹ ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n jà díẹ̀ lórí ìgbín, wọ́n ní ti ulé ìyá tó bí mi náà ṣì wà ńlẹ̀ tí a kò tí ì fọwọ́ kàn. Àyè tí fọ́ọ̀mù fi sílẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Mo kọ ọ̀kẹ́rẹ́ síbẹ̀, mo ní àlàyé tó kù ń bọ̀ lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí wọ́ọ̀sáàpù pé èmi náà ń bọ̀. Nígbà tó yá, mo rí gúùdù méjì aláwọ̀ búlúù lábẹ́ rẹ̀. Èmi náà kàwé. Tíṣà kì í fi gúùdù sí iwájú ohun tí ọmọ bá ṣì, ẹyọ kan péré sì ti tó kí ọmọ máa yọ̀ relé, ìwọ fún mi ní méjì. Mo bá sọ fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Wọ́n ti gbàdúrà ìrìnàjò lé mi lórí, mẹ́rin nínú wọn ti kó ìgò fún mi pé kí n bá àwọn bu omi òkun bọ̀. Mo ti ya iṣu mẹ́fà sọ́tọ̀ fún baálẹ̀ ibẹ̀, nítorí a kì í sùn ní ìlú onílùú ká má kí ẹni tó ni ín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ padà lẹ́yìn gbogbo èyí?

Àfi bí o ṣe pè mí lọ́jọ́ kejì pé Màmá, ẹ máà wá, kì í ṣe ibi àgbà, gbogbo ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ ka ewì tirẹ̀, ni nẹ́tíwọ̀kì bá lọ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adéolúwa ló gbé e, òun ló ń kó àwọn èèyàn náà jọ. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, ó kí mi dáadáa. Ó ní ṣé èmi ni ìyá Mọ́fẹ́yìsára, pé ìdajì àwọn tó ń bọ̀, ewì rẹ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bọ̀, pé ìgbà tí o ka ọ̀kan lọ́dún tó kọjá, àwọn àgbà ọkùnrin ń nu ojú. Ó ní ó dájú pé èmi ti gbọ́ èyí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti gbọ́ ọ. Irọ́ ni mo pa. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jókòó sí ẹ̀yìn àdògán nílé ìdáná, mo sunkún.

Mo mọ ìdí tí o kò fi kà á fún mi rí. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, a kàn jọ ń dọ́gbọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti ọdún mẹ́tàlélógún. O wà ní ìwé márùn-ún, o ti ń ṣe ipò kẹta bọ̀, ó wá di ipò kọkàndínlógún, tíṣà rẹ ní ewì lo máa ń kọ tí àwọn yòókù bá ń ṣe ìṣirò. Ọjọ́ tí à ń yan gàrí ni. Mo gba ìwé tí o ń kọ ewì sí lọ́wọ́ rẹ, mo fi dáná. O kò sunkún, o kàn ń wò ó títí ó fi jóná tán, o sì mú igbá, o lọ ń gbọn gàrí. Láti ọjọ́ yẹn, èsì ìdánwò lo máa ń fi hàn mí, nígbà tó yá ó di owó oṣù. Mo gba gbogbo rẹ̀, mo ń dúpẹ́. Mo ṣe ohun tí kò dára, Mọ́fẹ́yìsára. Èrò mi ni pé mò ń tọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kò jóná tán. Ewé kan nínú ìwé náà já bọ́ lẹ́bàá ààrò, mo mú un kí n fi kún iná, ojú mi bá ṣì í kà. Mo padà fi kún iná náà, àmọ́ ó ti wọlé sí mi nínú. Mo máa ń kà á sínú tí mo bá ń roko, mo máa ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìwàásù bá gùn, bàbá rẹ rò pé orin ni. Báyìí ló ṣe lọ:

Òjò ń bá páànù wa sọ̀rọ̀,
Màmi ní kí n lọ sùn.
Mo ní ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ná,
ọ̀nà rẹ̀ jìn kó tó dé ibí.

Ewì tí mò ń gbé bọ̀ wá kà nìyẹn. Tí wọ́n bá bèèrè ẹni tó kọ ọ́, n ó nàka sí ọ, tí mo bá sì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ìwọ ni kí o tún un ṣe lójú gbogbo wọn.

Owó ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́, kó dé kó tó di Ọjọ́bọ̀, ti àlọ nìkan. Èmi ò tọrọ ti àbọ̀, nítorí ìwọ ló máa mú mi padà wálé, o kò sì wálé láti Kérésìmesì tó kọjá. Bí o kò bá fi ránṣẹ́, n ó ta ọmọ ewúrẹ́ kan. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, n ó ti wà ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú iṣu àti ìgò omi mẹ́rin.

Wàá pẹ́ fún wa. Oorun rẹ á máa dùn, oúnjẹ rẹ á máa bá ọ lára mu. Ọlọ́run tó fi ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi dáná mọ́, títí kan èmi ìyá rẹ. Àmín.

Èmi ni,
Màmá rẹ, Beatrice.