Gìtá Tí Mo Rà ní Àgọ́-Ìwòyè

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi ní gìtá,

Sàídátù ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Ẹ ò rán mi níléèwé, pákó àti ayùn lẹ fi lé mi lọ́wọ́. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má tún un ṣe.

Mo ti ra gìtá. Ikán ti jẹ tiyín tán nílé wa ní Atikori tipẹ́.

Ìyá Sàídátù ti kú. Bóyá ẹ ti rí i lọ́hùn-ún. Mi ò sunkún púpọ̀, ojú mi ti gbẹ bíi pákó tó pẹ́ lóòrùn. Ṣùgbọ́n oríkì rẹ̀, tí èmi àtẹ̀yin fi máa ń pè é, kò jáde lẹ́nu mi mọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Mo máa ń ya ẹnu, màá tún pa á dé. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mi ò bá pè é, orúkọ náà á kú tẹ̀lé e. Ṣé ó ṣe yín bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá mi? Mi ò bi yín nígbà náà.

Sàídátù ní ilé mi dákẹ́ jù. Ó fà mí lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ohun èlò orin fún àwọn ọmọ yunifásítì. Mo ní kí obìnrin náà má gbé olówó gọbọi wá, kó má sì gbé ohun ìṣeré ọmọdé wá. Ó gbé mẹ́ta wá, owó wọn ò jìnnà síra.

Ẹ̀yìn ìka ni mo kọ́kọ́ fi kàn wọ́n láyà, bí ẹ ṣe máa ń kan pákó, tí ẹ ó dijú, tí orógbó á dúró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Dúdú kan ń dán bíi bàtà ọdún. Ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó rọ ìka mi lọ́rùn, àmọ́ ohùn rẹ̀ dàbí agolo tí wọ́n fi ṣíbí lù. Pákó tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni, kò lè tàn mí. Èkejì níkùn ńlá. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kún inú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó ń bo tòkè mọ́lẹ̀, okùn rẹ̀ sì ga sókè lórí ọrùn, ó ń gé mi níka.

Sàídátù ní, "Bàbá, èyí ló dáa. Ohùn rẹ̀ kún."

"Àbúrò bàbá mi náà lóhùn tó kún nípàdé ẹbí. Kí ló ń sọ?"

Ẹ̀kẹta ò dán. Igi gidi ni àyà rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bíi pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Okùn rẹ̀ sún mọ́ ọrùn. Ohùn rẹ̀ ò pọ̀, tòkè tilẹ̀ gbẹ díẹ̀, àmọ́ okùn kọ̀ọ̀kan ń sọ tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé gìtá tí kò bá lè pe èèyàn, igi ìdáná ni. Mi ò ronú. Ìka mi tẹ ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá gòkè.

Obìnrin ṣọ́ọ̀bù yíjú padà. "Ẹ pè mí, bàbá?"

"Mi ò pè ọ́."

"Ẹ pè mí o! Àbẹ̀kẹ́! Ta ló sọ oríkì mi fún yín?"

Ọmọ yunifásítì kan bú sẹ́rìn-ín. "Mọ̀mí, gìtá ló pè yín."

"Ta wá ni gìtá ń pè?"

Mo ya ẹnu. "Àṣàkẹ́ ni. Àṣàkẹ́, ìyàwó mi."

Bàbá, ó jáde. Sàídátù kọjú sí ògiri. Obìnrin yẹn ní kí n bá òun kí màmá nílé. Mo ní màá kí i.

Mo gbé e wálé. Lẹ́yìn ìrun Alásàárì, mo máa ń jókòó síta, màá fi ìka pè é, màá fi ẹnu pè é. Ohun kan ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àjàní tí ìyá yín fi ń pè yín, ohùn kan náà ni lórí okùn. Ẹ má bínú, mi ò jẹ́ pe bàbá mi lóríkì. Gìtá ni kò gbẹ̀kọ́. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, ẹ má bá ìyàwó mi du ú. Ẹni tó bá wà nítòsí nínú ẹ̀yin méjèèjì, kó dáhùn.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣí etí sílẹ̀.