Swíìṣì Ṣáwà Tó Ń Jóná Léraléra ní Tolverne House

Ojúlé Kẹrìnlá,
Tolverne House,
Peckham, London SE15.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2024.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Àtúnṣe Ilé,
Brackmere Homes,
London.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ LÓRÍ SWÍÌṢÌ OLÓKÙN TÓ FẸ́RẸ̀Ẹ́ GBẸ̀MÍ ÌYÁ ỌKỌ MI

1. Ayálégbé yín ni mí. Èmi, ọkọ mi Habeebullah, àti ìyá rẹ̀, Alhaja Àsúmáù, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, la jọ ń gbé.

2. Ní ọdún tó kọjá, ẹ yọ ṣáwà àtijọ́, èyí tó ń fi iná mànàmáná gbé omi gbóná, kúrò ní balùwẹ̀ wa, ẹ fi tuntun tó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Inú wa dùn, torí omi rẹ̀ gbóná dáadáa. Kò pẹ́ tí swíìṣì òkè àjà, èyí tí a ń fi okùn fà kí iná tó dé ṣáwà, bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ike tó ń jóná. Oníṣẹ́ yín wá, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó lọ. Tuntun náà tún jóná. Wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀, títí ó fi di pé bí a bá ti fà á, a ó kọ́kọ́ dúró gbóòórùn kí a tó bọ́ṣọ.

3. Nígbà tí mo pe ọ́fíìsì yín, ẹni tó gbé fóònù ní, "Màmá yín ló ń fa okùn náà jù. Ẹ ní kí wọ́n máa rọra fà á." Màmá wà nítòsí, wọ́n gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ìka méjì ni wọ́n fi ń fà á, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ jí.

4. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Màmá ń wẹ̀ láti múra mọ́ṣáláṣí. Mo gbọ́ gbàù! Iná gbogbo ilé kú. Mo sáré wọ balùwẹ̀. Okùn wà lọ́wọ́ wọn, swíìṣì ń jó lókè, ike rẹ̀ tó yọ́ sì ń kán sí wọn léjìká. Orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè sá. Wọ́n ní, "Rahmah, mo rọra fà á o. Mo rọra fà á." Mo fi aṣọ ìnura wé wọn, mo fà wọ́n jáde. Àwọn panápaná ló wá pa iná náà.

5. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni èyí tí oníṣẹ́ iná tí ẹ rán wá lẹ́yìn náà rí. Bó ṣe tú àjà, ó ké, "Ta ló fi èyí sílẹ̀ báyìí?" Wáyà ṣáwà àtijọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún tuntun! Ó tín-ín-rín jù fún iná tí ṣáwà náà ń fà, ló fi ń gbóná. Orí wáyà ti jóná dúdú, kò sì sí ẹni tó gé ibẹ̀ kúrò. Ibi tó jóná yẹn gan-an ni wọ́n ń de swíìṣì tuntun mọ́. Skúrù kò lè dì í mú dáadáa. Ibi tí kò bá sì dì ni iná ti ń ta. Bí ẹ tilẹ̀ fi ìyẹ́ ẹyẹ fa okùn náà, yóò jóná.

6. Màmá ń gba ìtọ́jú. Wọn kò wọ balùwẹ̀ mọ́. Ilé ìdáná ni mo ti ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ fún wọn. Ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n fi ṣe nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń wẹ̀ fún àwọn aláìsàn ìlú yìí. Báyìí, wọ́n ń dijú bí mo bá ń bu omi sí wọn lára.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ pààrọ̀ wáyà náà látòkè délẹ̀, kì í ṣe swíìṣì nìkan. Ẹ sì rán ẹnì kan wá sọ fún Màmá, lójúkojú, pé kì í ṣe ọwọ́ wọn ló bà á jẹ́.

8. Bí mo ti fẹ́ parí lẹ́tà yìí ni Bólúwatifẹ́, ìyàwó Fọlárìn tó ń gbé lókè wa, kan ilẹ̀kùn, ọmọ tuntun lẹ́yìn rẹ̀. Irú ṣáwà kan náà lẹ fún wọn, àti fún ọ̀pọ̀ ojúlé nínú ilé yìí. Ó ní swíìṣì àwọn ti ń rùn. Mo bá a lọ pa iná ṣáwà náà níbi àpótí fíúùsì. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò mọ iye ilẹ̀kùn tí mo lè kàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá lónìí.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni ayálégbé yín,

Rahmah Jẹ̀lílì (Ìyáàfin)