Àjẹ̀ Tí Mo Já Gbà Lọ́wọ́ Yín

Bàbá mi,

Ẹ̀bùn ọmọ mi ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Àbígbẹ̀yìn yín, àbúrò mi obìnrin, ti kú. Oṣù mẹ́rin péré ni àìsàn náà fi mú un. Ó gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ara rẹ̀ ń ta gìrì. Bó ṣe ṣe yín náà nìyẹn kí ẹ tó kú.

Nígbà tí ìjà dé sórí omi, tí a ń sá kúrò ní Ugbonla lọ sí Mahintedo, ẹ̀yin lẹ wà nídìí ọkọ̀. Ẹ wà wá padà síbi tí iná ti ń jó. Mo já àjẹ̀ gbà lọ́wọ́ yín lójú àwọn ọmọ mi, mo pè yín ní ojo. Ẹ kàn ń wo ọwọ́ yín.

Dókítà tó tọ́jú àbúrò mi ní kì í ṣe ìbẹ̀rù. Èròjà kan nínú ọpọlọ ló ń lọ́ sódì, tó ń mú kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà lọ́. Ó máa ń bá ìran lọ nígbà mìíràn. Wọ́n tún ń wò ó bóyá ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lọ́wọ́ sí i.

Bí ẹ̀gún ẹja bá gún yín, ẹ máa ń na ìka sókè: “Ẹ wò ó, ẹ̀jẹ̀ ilé wa kì í fi nǹkan ṣòfò.” Kíá ló ti dì. Tèmi náà bẹ́ẹ̀. Dókítà ní kí n má tìtorí ìyẹn dààmú, wọn ò tí ì mọ̀. Síbẹ̀, bí mo bá gé ara mi báyìí, ńṣe ni mò ń bẹ ẹ̀jẹ̀ náà pé kó ṣàn díẹ̀ sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ta kókó àwọ̀n tí ẹ kọ́ mi, tó ń tú. Ṣé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára yín nìyẹn? Ṣé ẹ mọ̀, tí ẹ dákẹ́?

Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ mi wò. Bó bá wà lára mi, ó lè wà lára Ẹ̀bùn, oyún sì wà nínú rẹ̀. Mo ti sin ìyàwó, mo ti sin àbúrò, ojú mi ti gbẹ. Eléyìí nìkan ni mi ò lè gbé.

Ẹ̀bùn ti gbé bírò sílẹ̀, ó ní: “Bàbá, dìgbà wo lẹ máa sá fún un dà? Èmi fẹ́ mọ̀.”

Ó ti tún gbé e.

Lọ́la a máa wọ ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò náà. Láti ọjọ́ ìjà yẹn, èmi ni mo ń jókòó sídìí ọkọ̀. Lọ́la, iwájú ni n ó jókòó. Èmi fúnra mi ni n ó na àjẹ̀ sí Ẹ̀bùn, kó má baà já a gbà.

Ẹ forí jì mí.

Ọmọ yín, tí kò tí ì gbàgbé yín.