Máàkì Tí Ersilia Kọ̀

Ersilia, ọmọ mi àtàtà,

Kí àlàáfíà Olúwa, ẹni tí ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó jìnnà sílé, wà pẹ̀lú rẹ ní Bológna níbẹ̀. A wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, síbẹ̀ ó gun òkè dé ilé ìjọsìn ní ọjọ́ àjọ̀dún ẹni mímọ́ alábòójútó abúlé wa. Abo àgùntàn mẹ́tàdínlógún ló ti bímọ, ajá sì ti pàdánù eyín kan. Ibẹ̀ ni ìròyìn ilé parí sí, nítorí inú ń bí mi gidigidi, n kò sì lè fi ìbínú mi pamọ́ fún ọmọ tí mo bí.

Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún ìyá rẹ lórí fóònù pé wọ́n fún ọ ní mẹ́rìnlélógún nínú ọgbọ̀n nínú ìdánwò Látìnì, pé o sì kọ̀ ọ́. O ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn a kọ̀ ọ́, a sì padà wá ṣe ìdánwò náà ní oṣù kẹsàn-án. Bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé bí ìdánwò rẹ kò bá pé nínú oṣù kẹjọ, wọn yóò gba ibùsùn ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún ọ ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́! O tún ní ìka kan ṣoṣo ni o fi kọ̀ ọ́ lórí fóònù. Ìka kan! Bí ọmọ yóò bá kọ ohun tí àgbà gbé fún un, ṣé kò yẹ kí ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ni? Mo gba fóònù ìyá rẹ, mo fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ gbogbo ojú rẹ̀, bóyá máàkì náà a padà wá. Àbúrò ìyá rẹ ní Kánádà ló gbé e, ó sì bi mí pé ta ló kú.

Ní abúlé wa yìí, a kì í dá ohun tí wọ́n bá fún wa padà. Nígbà tí Nunziata aládùúgbò wa dá búrẹ́dì Àjíǹde padà fún ìyá Concezio nítorí pé ìdí rẹ̀ jóná díẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án ni ìdílé méjèèjì kò fi kí ara wọn, àní nígbà tí àlùfáà bá ní kí a fún ara wa ní àlàáfíà pàápàá. Concezio yìí kan náà ló fi mí ṣẹlẹ́yà ní ilé ọtí rẹ̀. Ó ní, ẹ wá wo bàbá ọmọ ọba o, wọ́n gbé oúnjẹ ka ọmọ rẹ̀ níwájú, ọmọ ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó!

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù ni ibi tí mẹ́rìnlélógún náà wà. Bí wọn kò bá tíì fi fún ọmọ ẹlòmíràn, inú àpótí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ ni yóò wà. Nítorí náà ni mo ṣe kọ̀wé sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Malvezzi, mo tọrọ àforíjì lórúkọ rẹ, mo ní èmi bàbá rẹ gba máàkì náà tọwọ́tẹsẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ bá wa tọ́jú rẹ̀ títí orí rẹ yóò fi pé. Mo fi odidi wàràkàṣì àgùntàn kan tì í, èyí tó ti lo oṣù mẹ́jọ lórí àjà.

Ersilia, ó dá wàràkàṣì náà padà! Irú ilé ẹ̀kọ́ wo nìyí, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ máàkì, tí olùkọ́ ń kọ wàràkàṣì?

Ṣùgbọ́n ó kọ lẹ́tà sí i. Ó ní òfin kò gba òun láyè láti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ òbí ẹni tí òun ń dán wò. Ó ní o ka ewì Látìnì tí òun fi dán ọ wò dáadáa, àfi ìlà kan ṣoṣo tí o ti kọsẹ̀. Ó ní òun bẹ̀ ọ́ pé kí o gba mẹ́rìnlélógún, o sì dá òun lóhùn pé bàbá rẹ dáhùn àdúrà Máàsì ní Látìnì fún ọdún mẹ́fà nígbà èwe rẹ̀ láìmọ ohun tí ó ń sọ, pé ìwọ kò ní fo ìlà kan tí kò yé ọ kọjá.

Ta ló ní kí o tú àṣírí ilé wa fún àjèjì? Ó dùn mí dé egungun. Mo gbé lẹ́tà náà sínú àpò, mo sì darí àwọn àgùntàn lọ sókè.

Ó dùn mí nítorí pé òtítọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Àlùfáà Gaudenzio kọ́ wa ní ìdáhùn wọ̀nyẹn ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ni ìtumọ̀ wọn. Ó fi pàṣán nà mí lọ́wọ́, ó ní ó yé Ọlọ́run, ìyẹn sì tó. Mo bọ̀wọ̀ fún un, n kò bi í mọ́, n kò sì bi ẹnikẹ́ni láti ìgbà náà wá.

Nítorí náà, má gba mẹ́rìnlélógún náà. Bí wọ́n bá gba ibùsùn náà lọ́wọ́ rẹ, mo ti ya àgùntàn márùn-ún sọ́tọ̀ tí a ó tà láti fi gba yàrá fún ọ. Ṣùgbọ́n má ṣe mú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá bá mi ní oṣù kẹsàn-án o, nítorí Concezio ń dúró. Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún sítáǹpù, kí n lè kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí lẹ́tà mi àkọ́kọ́. Ìyá rẹ ní òun kò ní fún mi ní kọ́bọ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí Ọlọ́run tí ó la ẹnu ọmọdé la ojú inú rẹ, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí o rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tí o bá sì ráyè, kọ gbogbo ìdáhùn Máàsì wọ̀nyẹn sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, kí o kọ ọ́ gàdàgbà nítorí ojú mi. Àgbà ti dé sí mi, Ersilia, mo sì fẹ́ mọ ohun tí mo ti ṣèlérí fún Ọlọ́run.

Èmi ni bàbá rẹ,
Cesidio