Júpítà àti Èbù Iṣu Wa

Òkè Ìlá,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta, 2025.

Ayọ̀rìndé, àbúrò mi àtàtà,

Ara ńkọ́? Fúnkẹ́mi aya rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Ẹ kú ooru, ẹ kú ìrètí òjò. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Yẹ́misí ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó yéé mí kanlẹ̀.

O mọ̀ pé ìmọ̀ ìràwọ̀ ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ó ní oòrùn ni ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti pé púpọ̀ nínú wọn ló ní ayé tiwọn tó ń yí wọn po. Àwọn ayé kan níbẹ̀ tóbi ju tiwa lọ fíìfíì. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ṣẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe ṣípò, tí wọ́n ń sún mọ́ oòrùn wọn, títí ọdún wọn kò fi pé ọ̀sẹ̀ kan tiwa mọ́. Bí wọ́n bá ń kọjá, wọn a máa ta ayé kéékèèké dànù sínú òkùnkùn. Àyà mi já. Mo bi í bóyá irú rẹ̀ wà nítòsí wa. Ó ní Júpítà ni. Ó fi hàn mí nírọ̀lẹ́, ó ń tàn lókè ọ̀pẹ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí wọ́n gbàdúrà kí Júpítà má ṣípò. Kí n tó jókòó, Ìyábọ̀ aríran ti ṣubú lulẹ̀, ó ń ké pé òun rí i tó ń bọ̀! Wọ́n kéde ààwẹ̀. Bámgbóyè, tí oko rẹ̀ bá oko bàbá wa pààlà, ní ta ló fẹ́ gbin iṣu tí ẹnikẹ́ni kò ní wà láyé jẹ. Bó ṣe ṣínu ààwẹ̀ báyìí, èbù rẹ̀ ló ń sè jẹ. Àwọn mìíràn ti ń ṣe bíi tirẹ̀.

Yẹ́misí ní, "Bàbá, Júpítà kò lọ ibì kankan. Ìgbà èwe wọn ni irú wọn máa ń ṣí kiri. Tiwa ti dàgbà."

Mo ní, "Èmi náà ti dàgbà, ṣebí mo ṣì kó wá sí Òkè Ìlá?"

Ẹ̀rù tòkè ń bà mí, ẹ̀rù ebi ọdún tó ń bọ̀ tún ń bà mí. Bàbá ìjọ ni ọ́ ní Ìgèdè, àwọn ará ìjọ wa níbí á gbọ́ tìrẹ. Jọ̀ọ́, wá kí Ọjọ́ Ìsinmi tó dé, sọ fún wọn kí wọ́n gbin èbù wọn. Èmi kò lè sọ ọ́, èmi náà ni mo dá ẹ̀rù yìí sílẹ̀. Bá mi kí àwọn ọmọ àti gbogbo ìjọ.

Bí a ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, ìyá Yẹ́misí ti gbé ìkòkò kaná, ó mú ọ̀bẹ, ó dúró ti èbù tiwa. Ó ní, "Bàbá Yẹ́misí, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?" Mo ní kí Yẹ́misí kọ́kọ́ parí lẹ́tà yìí. Ó ṣì dúró síbẹ̀.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń retí rẹ,
Òjó Ọlálérè